Táyà Ńlá Ni Ti Àgbà

Ẹ̀yin ará àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti béèrè bí òkè Àtàkórà ṣe rí, ẹ má bínú pé mo ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òkè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo sì fi ojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kó rí i. Ẹni tó yẹ kó rí i ló jókòó sí fàráńdà ilé rẹ̀ lónìí, tó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí àpótí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ti orí táyà bẹ̀rẹ̀ ná, a máa dé orí òkè.

Ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mò ń tà, èmi náà ni mo sì ń tún wọn ṣe. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ dúdú gàgàrà tí àwọn bàbá wa fi ń ru iṣu wálé láti Òkè-Oyì ni mò ń wí o. Àwọn tó ní jíà ni, tí táyà wọn ní eyín, tí àwọn òyìnbó ṣe fún gígun òkè àti ọ̀nà pálapàla. Ìwọ̀n mẹ́ta ni táyà wọn. Kékeré jẹ́ íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ńlá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ti àárín sì jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀.

Táyà ńlá a máa gba orí kòtò kọjá bí ẹni pé kòtò ò sí níbẹ̀. Bó bá ti ń sáré, kì í fẹ́ dúró. Àmọ́ ó ga, ó sì máa ń lọ́ra láti kúrò lójú kan. Táyà kékeré ní tirẹ̀ a máa gbọn ẹni jìgìjìgì, ṣùgbọ́n kì í dani láàmú lórí òkè, ó yára láti yí, ẹni tó kúrú sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ dúró. Mo máa ń wí fún oníbàárà pé bí a ṣe ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ, ẹsẹ̀ ni à ń wò ká tó mú kẹ̀kẹ́. Gbogbo ayé ni mo máa ń wí i fún. Ẹnì kan péré ni n kò wí i fún.

Ẹni náà ni Tíṣà Ọláòtán, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó kọ́ mi ní jọ́gíráfì nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Èèyàn kúkúrú ni Tíṣà. Bó bá dúró tì mí, èjìká mi ni orí rẹ̀ ń bá. Ṣùgbọ́n tó bá gbá ṣọ́ọ̀kì mú, ó ga ju gbogbo wa lọ. Ọdọọdún ló máa ń ya òkè Àtàkórà sójú bọ́ọ̀dù, òkè tó wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Benin, á wá yí padà sí wa, á ní, "Ẹ wò ó, mo ń ya ohun tí n kò rí rí." A máa rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Yàhàyá, mo fẹ́ lọ wo òkè yẹn. Mi ò fẹ́ wọ mọ́tò. Ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé mi débẹ̀."

Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò dá lọ láyé. A jọ ń lọ ni, Insha Allah."

Kẹ̀kẹ́ méjì tó dára ló kù nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan aláwọ̀ ewé tí táyà rẹ̀ kéré, èkejì dúdú tí táyà rẹ̀ tóbi. Alágbà kan láti GRA ti ra ti àárín lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó fi ń na ara láràárọ̀. Tíṣà dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó fọwọ́ kan èkejì.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí," ó ní. "Èwo ni kí n gùn?"

Mo mọ̀ ọ́n. Wallahi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kékeré ni tirẹ̀, ńlá ni tèmi. Ṣùgbọ́n báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fẹ́ wo ojú olùkọ́ rẹ̀ kó ní, "Tíṣà, ẹ kúrú, ẹ gba kékeré"? Ṣé kí n wá jókòó sókè bí ọba títí a ó fi dé ilẹ̀ onílẹ̀, kí Tíṣà máa wò mí láti ìsàlẹ̀, kí àwọn tó bá rí wa lọ́nà máa rò pé òun ló ń sìn mí lọ? Wọ́n á ní ta ló kọ́ mi nílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa dúdú síwájú.

"Táyà ńlá ni ti àgbà, sà."

Ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wò mí. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àbí kò ga jù, Yàhàyá?" Mo ní, "Kò ga, Màámi, mo máa rẹ ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀." Mo rẹ̀ ẹ́ títí kò fi lè lọ sílẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ga. Tíṣà ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ṣe ohun tó dára.

Ọ̀nà Kíṣí

Bí a ṣe ń lọ sí ìhà Kíṣí, Tíṣà ló ń ṣáájú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, táyà ńlá ń yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́, fìlà funfun rẹ̀ ló sì ń júwe ọ̀nà fún mi. Èmi wà lẹ́yìn lórí kékeré, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n mi, àwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Mo juwọ́ sí wọn. Gbogbo ara ló ń dùn mí, inú mi sì ń dùn pé ó ń dùn mí, torí mo rò pé ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Ohun tí n kò fẹ́ kà sí ni bí Tíṣà ṣe ń dúró. Bó bá fẹ́ dúró, á kọ́kọ́ wá òkúta tàbí gegele tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Bí kò bá rí, á fò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń bà lé, á sì dúró díẹ̀ kó tó gbé èkejì. Mo máa ń sá lọ di kẹ̀kẹ́ mú fún un. Ó máa ń ní, "Fi sílẹ̀, fi sílẹ̀, kò sí nǹkan."

Nígbà tí mo bá dúró kírun, kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Á máa gun kẹ̀kẹ́ yí igi kan po jẹ́jẹ́, yíyí, yíyí, títí n ó fi sálámà parí ìrun. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ náà ló wù ú gùn. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Tíṣà, ẹ ti di ọmọdé o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yí lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹni tó ń sá fún fífò sílẹ̀ ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nikki

A kọjá ẹnubodè bọ́ sí ilẹ̀ Benin, a sì di àlejò. Kò sí ohun tó ń rán èèyàn létí pé ó ti jáde nílé bíi kí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é. "Ànàgó! Ànàgó!" ni wọ́n ń pè wá, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé àti Tíṣà tó jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọ̀kan náà ni wá lójú wọn. Tíṣà ní ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì tó dára jù tí òun tíì gbọ́ nìyẹn.

Àwọn ará Nikki mọ èèyàn í kí. Wọn kì í béèrè ibi tí o ti ń bọ̀ títí wọn ó fi fún ẹ lómi mu. Bó o bá mu ún tán, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ, ara rẹ, ilé rẹ, ọ̀nà rẹ, ẹran ọ̀sìn rẹ bó o bá ní. Iyán ni wọ́n fún wa jẹ, iyán tó funfun, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, wọ́n sì gbé wàrà díndín tó pọ́n lé e lórí. Mo ní kò yàtọ̀ sí wàrà ilé wa. Tíṣà ní àwọn Fúlàní kan náà ló ń ṣe é, pé ẹnubodè kò yé màlúù.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ, torí ṣéènì Tíṣà ń jábọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkùnrin náà ń jókòó sí. Àgbàlagbà ni, Bàrùbá ni, ó sì gbọ́ Haúsá. Èmi náà gbọ́ Haúsá, Tíṣà ni kò gbọ́. Ó dá ṣéènì padà, ó wá dìde, ó ní kí Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí òun wò ó. Tíṣà gùn ún. Ó ní kí èmi náà gun tèmi. Mo gùn ún. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó sọ fún mi ní Haúsá pé, "Ta ló ṣe irú èyí? Ẹni gígùn lórí kékeré, ẹni kúkúrú lórí ńlá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Bí bàbá yìí bá ń fò sílẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní dé ibi tó ń lọ." Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ mi, ó nawọ́ sí ti Tíṣà, ó fi ọwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn.

Tíṣà yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi níbẹ̀. Kì í ṣe èmi ni ì bá sọ ọ́, ẹnu àjèjì ni ǹ bá fi sọ ọ́, kò ní jẹ́ àfojúdi. Ṣùgbọ́n mo ronú pé tí mo bá sọ ọ́, á hàn pé mo ti mọ̀ láti Ìlọrin. Ojú tì mí.

Mo ní, "Ó ní kẹ̀kẹ́ yín dára gan-an, sà. Ó ní ti àgbà ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀."

Tíṣà wo ọwọ́ ọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a sì lọ.

Ọ̀nà Djougou

Kó tó di pé a dé Djougou, orúnkún òsì Tíṣà ti wú. Ó fi aṣọ dì í, ó ní òtútù ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, òjò sì ti la á sí yàrà wẹ́wẹ́. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sinmi lónìí." Ó ní ká lọ, pé òun ti ń gbóòórùn òkè. Bẹ́ẹ̀ ni òwe tó máa ń pa fún wa ní kíláàsì bọ́ sí i lẹ́nu, pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àgùntàn ló já lu ọ̀nà. Tíṣà tẹ búréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró, ó na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ láti fi tẹlẹ̀. Ilẹ̀ kò sí níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá a. Mo rí i láti ẹ̀yìn, mo rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wá ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí òun àti kẹ̀kẹ́ sì jọ wó sínú yàrà. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ wa.

Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú ọ̀nà ló gbà wá sílé. Ìyá Sàlámátù ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, èyí tó kọ́ ní ọjà Parakou. Kò béèrè ẹni tí a jẹ́. Ó gbé omi gbígbóná àti òrí wá, ó ń fi ra orúnkún náà, ó ń wí pé, "Bàbá, sùúrù. Bàbá, sùúrù." Ó kó kúrò nínú yàrá rẹ̀ fún Tíṣà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì lọ ń sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a ò jẹ́ nǹkan kan sí i. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n pè wá láti ìlú wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí, ó ní kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kó máa lọ sílé bí wíwú náà bá ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Mo ní ká wọ mọ́tò lọ sí Natitingou, kò jìnnà mọ́, kó kàn rí òkè náà. Ó ní rárá, kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ fi han òkè ni òun. Ó wá ní, "Yàhàyá, lọ bá mi wò ó. Kó o sì gun tèmi lọ, kí kẹ̀kẹ́ mi débẹ̀, ó kéré tán."

Natitingou

Mo gun dúdú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó gùn ún láti Ìlọrin nìyẹn. Ìtìjú bá mi láti kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, àmọ́ n ó kọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ náà bá mi mu. Ẹsẹ̀ mi nà dáadáa, ẹ̀yìn mi kò dùn mí, táyà ńlá ń gba orí yàrà kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní tuntun, láìsí ìdíwọ́ kankan. Ara mi ń gbádùn, ọkàn mi ń ṣépè fún ara mi.

Àwọn ará ibẹ̀ ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà bí ilé ìṣọ́, òkè rẹ̀ ni wọ́n ń sá ọkà sí. Bàbá kan rí mi tí mo ń làágùn, ó bu ọtí ọkà bàbà fún mi nínú igbá. Mo ní mùsùlùmí ni mí. Kò bínú, kò sì rọ̀ mí. Ó da ọtí náà padà, ó fọ igbá, ó bu omi sí i, ó wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú mi kí n lè mọ̀ pé omi ni. Ó béèrè pẹ̀lú ọwọ́ bóyá èmi nìkan ni mo wá. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ẹnì kejì, ẹni kúkúrú, tó wà lẹ́yìn. Ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá, ó ń retí rẹ̀.

Òkè náà wà níwájú wa. Mo jókòó sílẹ̀, mo wò ó, mo sunkún. N kò sunkún nítorí ẹwà rẹ̀.

Ìgbà tí mo padà dé ilé Ìyá Sàlámátù, mo bá Tíṣà nínú àgbàlá. Ó ti fi ọ̀pá rìn jáde, ó sì jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kékeré mi, lábẹ́ igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń lọ. Bó ṣe rí mi, ó yára sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Mo fi dúdú ti ara igi.

Ìlọrin

Mọ́tò ló gbé wa wálé, kẹ̀kẹ́ méjèèjì wà lórí rẹ̀. Tíṣà kò béèrè òkè lọ́wọ́ mi lọ́nà. Dókítà níbí ti ní ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti parí fún un, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé oṣù kan tí a dé kó tó ránṣẹ́ pè mí. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi sí fàráńdà, òun náà sì jókòó.

"Ó yá," Tíṣà ní. "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ti ń pèsè ìdáhùn yẹn sílẹ̀ láti Djougou. "Kò tó nǹkan, sà. Kò ju òkè Ṣóbí wa yìí lọ. Ẹ ò pàdánù ohunkóhun."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí n kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Yàhàyá, o tún ti ń bọ̀wọ̀ fún mi."

Ó ní, "Mi ò gbọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n mo lójú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn, ṣé bí wọ́n ṣe ń yin kẹ̀kẹ́ àgbà ní Nikki nìyẹn?"

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ẹ foríjì mí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ń retí kí ìwọ sọ ọ́. Ìwọ lo mọ iṣẹ́. Bí mo bá ní kékeré ni mo fẹ́, ó dà bí ẹni pé mo da ọ̀wọ̀ tí o fún mi nù. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún díẹ̀ lórí àpótí. "Dìde. Sọ bó ṣe rí."

Mo sọ ọ́. Mo ní kẹ́ ẹ to Ṣóbí kan ti Ṣóbí kan, kẹ́ ẹ máa tò ó lọ títí ojú yín ò fi ní tó o mọ́, ó kù díẹ̀. Mo sọ bó ṣe dúdú bí aró láàárọ̀, tó pupa ní ìrọ̀lẹ́, bí ojú ọ̀nà ṣe ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ gùn ún lọ, bí bàbá oní-igbá yẹn ṣe wo ẹ̀yìn mi tó ń retí ẹnì kejì. Tíṣà di ojú. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí apá àga, ó ń yà á.

Nígbà tó la ojú, ó ní, "Ká ní kékeré ni mo gùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ǹ bá débẹ̀?"

Màámi gbójú sókè. Ó wò mí, ó rọra mi orí láti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí, pé kí n ní rárá. Ó rọrùn púpọ̀. Mo lè ní orúnkún yẹn ti fẹ́ dùn tẹ́lẹ̀, mo lè ní àgbà ló dé. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, ó sì dùn bí oyin.

"Ẹ̀ bá débẹ̀, sà," mo ní. "Ẹ̀ bá sì gùn ún padà wálé."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," bó ṣe wí i ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó wá yíjú sí ojú ọ̀nà, ìka rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí apá àga, ó ń yà á títí mo fi dágbére.